Ọkọ̀ Òkun Kọ́ Ló Gbé Kobe Ró

Bí àwọn èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú èbúté kan ń rọ́wọ́ mú, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè ni iye ọkọ̀ òkun tó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ àti iye kọ̀ǹténà tí wọ́n ń já lọ́dọọdún. Iye yìí ni àwọn ìjọba fi ń yangàn, òun náà ni wọ́n fi ń to àwọn èbúté àgbáyé tẹ̀léra. Ìlú Kobe lórílẹ̀-èdè Japan jẹ́ ká rí i pé òṣùwọ̀n yìí lè tan èèyàn jẹ. Lọ́dún 1980, èbúté mẹ́ta péré ni kọ̀ǹténà wọn ju ti Kobe lọ ní gbogbo ayé. Lọ́dún 1994, ó ṣì wà nípò kẹfà. Lónìí, kò sí lára àádọ́ta àkọ́kọ́ mọ́. Ẹni tó bá fi ipò yìí nìkan ṣèdájọ́ á ní ìlú náà ti kú. Síbẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ èèyàn ló ń gbé níbẹ̀, wọ́n ṣì ń kan ọkọ̀ abẹ́ omi níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lágbàáyé wà. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ tí ìlú bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn èbúté ló ń gbé e ró. Ẹrù tó kàn ń gba ibẹ̀ kọjá, àlejò ni. Ọjọ́ tó bá rí ọ̀nà tó rọrùn jù, á dìde. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ tí àwọn ará ìlú ti kọ́, onílé ni.

Ibi tí Kobe wà ti dára fún ọkọ̀ láti ayébáyé. Òkè Rokko tò gbọọrọ sí àríwá rẹ̀, òkun tó jinlẹ̀ wà ní gúúsù, ilẹ̀ Wada sì yọrí sínú omi débi pé ó ń gba ìjì dúró fún ọkọ̀ tó bá sá síbẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Taira no Kiyomori, ológun tó lágbára jù ní Japan nígbà náà, rí oore yìí. Ó tún èbúté Owada ṣe, ó da òkúta sínú òkun títí ó fi di erékùṣù tó ń dáàbò bo ọkọ̀, ó sì ń bá ilẹ̀ Ṣáínà ṣòwò láti ibẹ̀. Nígbà tó di 1180, ó kó ààfin ọba pàápàá wá sí Fukuhara nítòsí èbúté náà. Oṣù bíi mẹ́fà péré ni ààfin lò níbẹ̀ kí wọ́n tó kó o padà sí Kyoto. Kiyomori kú ní 1181, ogun pa ìdílé Taira run ní 1185, ògo tí agbára ẹnì kan gbé wá sí etíkun yẹn sì bá onítọ̀hún lọ.

Ọrọ̀ tó kọ́kọ́ ta gbòǹgbò lágbègbè náà kò ti ọ̀dọ̀ ọba tàbí ológun wá. Ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn náà, lásìkò tí ìjọba Tokugawa ti ilẹ̀kùn Japan mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àjèjì, àwọn ará Nada, tó wà ní ìlà-oòrùn èbúté, ń pọn ọtí ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní sake. Níbòmíràn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ọmọ odó tí wọ́n fi ń gún ìrẹsì. Ní Nada, odò kéékèèké tó ń já wálẹ̀ láti Òkè Rokko ló ń yí ẹ̀rọ tó ń gún un, èyí sì jẹ́ kí ìrẹsì wọn bó, kó mọ́, kó sì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún 1840, apọntí kan tó ń jẹ́ Yamamura Tazaemon, tó ní ilé ìpọntí ní Nishinomiya àti ní Uozaki, kíyè sí i pé ti Nishinomiya máa ń dùn ju èkejì lọ. Ó ru omi kànga Nishinomiya lọ sí Uozaki, ọtí ibẹ̀ náà sì dùn bákan náà. Láti ìgbà yẹn ni omi kànga náà ti di ohun tí àwọn apọntí ń fowó rà. Ọkọ̀ ń kó àgbá ọtí náà lọ sí Edo, tó di Tokyo lónìí, Nada ló sì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú ọtí tí wọ́n ń mu níbẹ̀. Kí ọkọ̀ tó ní ohun tó ń gbé, àwọn kan ti jókòó ti omi, ìrẹsì àti ìmọ̀ wọn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nígbà tí Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ọkọ̀ ogun mú Japan ṣí ilẹ̀kùn, àdéhùn ọdún 1858 sọ pé kí èbúté Hyogo, tó jẹ́ Owada àtijọ́, ṣí ní 1863. Wọ́n sún un síwájú, ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1868 kí wọ́n tó ṣí i, ní abúlé Kobe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hyogo. Wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn àjèjì, àwọn àjèjì náà ló sì ń ṣàkóso rẹ̀ fúnra wọn títí di 1899. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ló kọ́kọ́ di òwò òkèèrè mú: tíì àti ìṣáná ń jáde, owú ń wọlé. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, Kobe ì bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà lásán, tí owó ń wọ̀ tó sì ń jáde láìdúró. Àmọ́ àwọn ará ibẹ̀ kò fọwọ́ lẹ́rán. Kawasaki Shozo gba ibi ìkanọkọ̀ tó jẹ́ ti ìjọba ní 1886, Mitsubishi dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1905, iléeṣẹ́ irin tí a mọ̀ sí Kobe Steel bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ Dunlop tó ń ṣe rọ́bà sì dé ní 1909. Ohun tí ọkọ̀ gbé wá bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí ọwọ́ ń ṣe.

Ìtàn iléeṣẹ́ Suzuki Shoten ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù. Ṣúgà ni wọ́n ń tà ní Kobe nígbà tí ọkọ Suzuki Yone kú ní 1894. Opó náà kọ̀ láti palẹ̀ òwò mọ́. Ó fà á lé Kaneko Naokichi lọ́wọ́, ó sì fọkàn tán an. Kaneko ta ṣúgà, ó ta káńfọ̀, ó ra iléeṣẹ́ irin, ó sì fi èrè òwò dá oríṣiríṣi iléeṣẹ́ sílẹ̀. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, Suzuki dàgbà débi tí ọjà rẹ̀ fi ju ti Mitsui lọ, Mitsui tó jẹ́ baba ìsàlẹ̀ àwọn oníṣòwò Japan. Nígbà tí ìrẹsì gbówó lórí ní 1918, àwọn aráàlú tí ebi ń pa gbọ́ pé Suzuki ń kó ìrẹsì pamọ́, wọ́n sì dáná sun olú iléeṣẹ́ rẹ̀. Ní 1927, báńkì tó ń yá a lówó kò lè yá a mọ́, òwò ńlá náà sì wó. Ṣùgbọ́n Kobe Steel, iléeṣẹ́ irin tí Kaneko rà, kò wó. Teijin, ọ̀kan lára àwọn iléeṣẹ́ tí Suzuki dá sílẹ̀, tó ń ṣe aṣọ àtọwọ́dá, òun náà kò wó. Àwọn méjèèjì ṣì wà títí dòní. Òwò rírà àti títà kú láàárín oṣù díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rọ irin, tí wọ́n ti ń ṣe òwú, ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún tó ti lé ní àádọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí bọ́ǹbù jó ìlú náà di eérú ní 1945, Kobe tún gbéra, ó sì tètè wọ òwò kọ̀ǹténà. Ní 1967, ọkọ̀ kọ̀ǹténà ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté Maya níbẹ̀. Ìlú náà kò ní ilẹ̀ tó tẹ́jú tó, torí òkè àti òkun fún un mọ́ra. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé orí òkè, wọ́n fi bẹ́líìtì gbé erùpẹ̀ rẹ̀ wá sí etíkun, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e lọ dà sínú òkun. Bí Port Island ṣe jáde nìyẹn, erékùṣù tó ju 400 hẹ́kítà lọ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1966 tí wọ́n sì parí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1981. Rokko Island tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n ti gé òkè, wọ́n kọ́ ilé gbígbé sí i. Miyazaki Tatsuo, tó jẹ́ olórí ìlú láti 1969 di 1989, ń darí ìlú náà bí iléeṣẹ́ oníṣòwò: ó yáwó títí dé Jámánì, ó ta ilẹ̀ tuntun, ó sì fi èrè rẹ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ ribiribi ni, mi ò sì ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n apá kan tí kò kéré nínú kọ̀ǹténà tó gbé orúkọ Kobe ga kì í ṣe ti Kobe tàbí ti Osaka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹrù àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà mìíràn ni, tí wọ́n ń já sílẹ̀ ní Kobe nítorí pé èbúté tiwọn kò tíì jinlẹ̀ tó, kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹrù yìí ló sọ Kobe di ìlú mọ̀ọ́ká, òun náà ni kò sì ní gbòǹgbò.

Ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ìdájí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1995, ilẹ̀ mì. Ìmìtìtì ilẹ̀ náà, tí agbára rẹ̀ tó 7.3, kò pé ìṣẹ́jú kan, ó sì pa èèyàn 6,434, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Kobe. Ní èbúté, àwọn àpótí kọnkéré ràgàjì tí wọ́n fi ṣe ògiri etí omi sún síwájú sínú òkun, àwọn kan sún tó mítà márùn-ún, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn sì rì. Ojú irin méjì ni kéréènì tó ń gbé kọ̀ǹténà dúró lé. Irin iwájú bá ògiri lọ, ti ẹ̀yìn dúró, ẹsẹ̀ kéréènì yà, ó sì ṣẹ́. Ní Port Island, erùpẹ̀ tí wọ́n kó láti orí òkè di ẹrẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ó ru jáde, ó sì bo títì. Kọ̀ǹténà tó jẹ́ mílíọ̀nù 2.9 ní 1994 já sí nǹkan bí ìdajì lọ́dún yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ kò sinmi, nígbà tó sì di 1997, wọ́n ti tún gbogbo èbúté náà ṣe tán. Ògiri padà dúró, kéréènì tuntun dé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti lọ sí Busan ní Gúúsù Kòríà àti sí ibòmíràn kò padà bó ṣe lọ.

Àwọn kan á sọ pé ìmìtìtì ilẹ̀ ló fà á, pé àmúwá Ọlọ́run ni, kò sí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ikú èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kúrò ní ohun tí èèyàn ń fojú kékeré wò. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Busan ti kọjá Kobe nínú iye kọ̀ǹténà ní 1994, ọdún tó ṣáájú ìmìtìtì náà. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ní èbúté Japan wọ́n ju ti Busan lọ, iṣẹ́ kì í sì í lọ tọ̀sán-tòru bíi ti ibẹ̀. Láti 1985 tí owó Japan ti le sí i lójú dọ́là, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ilẹ̀ náà ti ń kó iṣẹ́ wọn lọ sílẹ̀ òkèèrè. Ṣáínà sì ń gbẹ́ èbúté tirẹ̀ kó lè jinlẹ̀. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni Yokohama. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1995 kò kàn án rárá, ó sì wà lára mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé láàárín àwọn ọdún 1990. Lónìí, òun náà kò sí lára àádọ́ta àkọ́kọ́. Ohun tí ilẹ̀ mímì ṣe ni pé ó mú kí àlejò tó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ gbéra lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àtakò kejì ni pé Kobe ti bọ́ sípò padà. Òótọ́ ni pé ní 2017, ọdún tí wọ́n wọ àádọ́jọ ọdún ṣíṣí èbúté, kọ̀ǹténà tó gba ibẹ̀ kọjá ju ti 1994 lọ díẹ̀. Ó gba wọ́n ní ọdún mẹ́tàlélógún láti padà síbi tí wọ́n wà. Láàárín àkókò náà, òwò kọ̀ǹténà àgbáyé ti di ìlọ́po-ìlọ́po, Busan nìkan sì ń já èyí tó lé ní ogún mílíọ̀nù lọ́dún 2017. Nítorí náà, bí ipò bá ni ohun tí à ń wá, Kobe kò bọ́ sípò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú kọ̀ǹténà ọdún 2017. Ẹrù Éṣíà tó ń gba ibẹ̀ kọjá ti dín kù púpọ̀púpọ̀. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ni ẹrù tí àwọn iléeṣẹ́ àti àwọn èèyàn Kobe, Osaka àti agbègbè wọn ń rán jáde tàbí tí wọ́n ń rà wọlé. Iye kan náà ni lórí ìwé, ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìgbésí ayé ìlú ti yàtọ̀.

Iṣẹ́ bàtà ní Nagata, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, jẹ́ ká rí bí iṣẹ́ ṣe máa ń ta gbòǹgbò. Ọkọ̀ gbé rọ́bà wá, Dunlop fi ṣe táyà, àwọn òṣìṣẹ́ mọ ọwọ́ rọ́bà, wọ́n sì ń fi ṣe bàtà. Lẹ́yìn ogun, àdúgbò náà yí sí bàtà awọ àtọwọ́dá. Ilé kan á gé awọ, ilé kejì á rán an, ilé kẹta á fi gọ́ọ̀mù lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ láàárín òpópónà díẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ará Japan, àwọn ọmọ Kòríà tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀, àti àwọn ará Vietnam tó dé lẹ́yìn wọn. Inú ìlú yìí kan náà ni Onitsuka Kihachiro ti bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ bàtà eléré ìdárayá ní 1949, òun ló di Asics tí ayé mọ̀ lónìí. Iná tó tẹ̀ lé ìmìtìtì ilẹ̀ jó Nagata kọjá àfẹnusọ. Ìjọba ìlú wá náwó rẹpẹtẹ lórí ilé gogoro àti ṣọ́ọ̀bù tuntun níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà sì wà ní títì pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó kù nínú iṣẹ́ bàtà kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣe é. Ilé ni ìjọba kọ́, ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló gbé àdúgbò ró.

Láti 1998, Kobe ti ń sọ Port Island di ibùdó ìṣègùn. Iléeṣẹ́ àti àjọ tó wà níbẹ̀ báyìí lé ní 350. Níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà K, tó jẹ́ èyí tó yára jù lágbàáyé ní 2011, wà títí wọ́n fi pa á ní 2019, ibẹ̀ náà sì ni Fugaku tó gba ipò yẹn ní 2020 wà. Ní 2014, àwọn dókítà tí Takahashi Masayo ṣáájú wọn ṣiṣẹ́ abẹ ojú kan níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé, tí wọ́n lo sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yí padà láti ara aláìsàn náà fúnra rẹ̀. Kawasaki, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ òkun, da owó pọ̀ mọ́ Sysmex tó ń ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe róbọ́ọ̀tì tó ń ran dókítà lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ abẹ. Ìjọba Japan fọwọ́ sí i ní 2020. Ìmọ̀ irin àti ẹ̀rọ tó kan ọkọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní ọ̀rúndún yìí. Orí ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ nítorí kọ̀ǹténà ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé: bí èyí bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn ará Kobe fi ń dín kù? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ìlú náà sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ní 2023, ọ̀dọ́ púpọ̀ ń lọ sí Tokyo àti Osaka, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n ń bí ní gbogbo Japan kò tó nǹkan. Iṣẹ́ ìṣègùn kò tíì wo ìyẹn sàn, n kò sì ní sọ pé ó ti wò ó. Àmọ́ iye àwọn tó wà níbẹ̀ kò jìnnà sí ti àkókò tó ṣáájú ìmìtìtì ilẹ̀. Ìlú tó ṣubú láti ipò kẹfà sí ẹ̀yìn àádọ́ta nídìí òwò tó sọ ọ́ di olókìkí, tó tún pàdánù ilé tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú àwọn ìlú tó yí i ká, ì bá ti tú ká bó bá jẹ́ pé èbúté nìkan ló ní.

Àtakò tó le jù lójú tèmi ni ti Singapore. Ẹrù àwọn ẹlòmíràn ló pọ̀ jù ní èbúté ibẹ̀, ó sì ń rọ̀ṣọ̀mù. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ Éṣíà àti Yúróòpù kò lè ṣe kó má gbà ni Singapore wà, àǹfààní tí Ọlọ́run fún ìlú díẹ̀ ni. Síbẹ̀ náà, kò gbẹ́kẹ̀ lé e: ó ń fọ epo rọ̀bì, ó ń ṣe ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, báńkì ńlá ńlá sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ẹni tó bá ń fi Singapore ṣe àríwísí fún mi, ó ń bá mi sọ ohun tí mò ń sọ.

Ní 2010, ìjọba Japan yan Kobe àti Osaka pọ̀ bí ọ̀kan lára àwọn èbúté tí yóò bá Busan du òwò kọ̀ǹténà, ní 2014 wọ́n sì pa iṣẹ́ àmójútó èbúté ìlú méjèèjì pọ̀ sábẹ́ iléeṣẹ́ kan. Wọ́n fẹ́ fa ẹrù ìwọ̀-oòrùn Japan tó ń gba Busan kọjá padà wálé. Bó bá jẹ́ ẹrù àwọn iléeṣẹ́ tiwọn ni, ó tọ́ kí wọ́n jà fún un, torí ó ń dín ìnáwó onílé kù. Bó bá jẹ́ láti tún máa fi owó orí ra ẹrù àjèjì kí orúkọ lè gòkè lórí ìwé ni, kí wọ́n jáwọ́. Èmi ń bẹ gbogbo ẹni tó bá ń ṣèjọba ìlú èbúté níbikíbi, kí wọ́n tó yáwó láti gbẹ́ òkun jinlẹ̀ sí i, kí wọ́n béèrè ohun tí ọwọ́ àwọn ará ìlú ń ṣe lórí ilẹ̀, àti iye ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ báyìí. Ní Kobe, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló yọ ìlú náà, kì í ṣe ipò kẹfà.